Promotion Ọkọ Mi

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ọ̀rọ̀ Faransé tó bá ti jọ Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì náà ni, pé ẹnu lásán ni àwọn ará Abidjan ń yí sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni, mo ka ìwé mẹ́wàá já, Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára èyí tí mo ti ṣe dáadáa jù, nítorí náà ta ló fẹ́ sọ fún mi pé mi ò mọ nǹkan kan? Kò pẹ́ tí mo bí àkọ́bí mi ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo rí ìsọ̀ kékeré kan nítòsí ilé wa ní Niangon tí wọ́n kọ PAIN gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Mo ní ọpẹ́ o, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn ara ríro nìyí. Mo wọlé, mo na ìka sí ẹ̀yìn mi, mo fajú ro. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò mí, ó wo ọmọ tí mo pọ̀n, ó wá fa búrẹ́dì gígùn kan yọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n ti po oògùn mọ́ ọn ni. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí n tó délé. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé búrẹ́dì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó sì burú nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ̀yìn mi fúyẹ́.

Ọkọ mi ò dà bí èmi. Treichville, ní Abidjan níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ ti ń ta aṣọ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i, ó kàwé níbẹ̀, ó gba ìwé ọmọ onílùú, Yorùbá rẹ̀ sì dà bí ìrẹsì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà: ṣíbí tí o bá bù, méjèèjì ni wàá bá níbẹ̀. Èèyàn ò lè gbọ́ agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lẹ́nu rẹ̀ láé, dix-huit heures ni. Nígbà tó wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi, ó ní iṣẹ́ panápaná lòun ń ṣe. Bàbá mi yọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ sójà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń pa iná, kò ní ráyè pa èèyàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé sójà gidi ni àwọn panápaná ìlú yẹn, pé báráàkì ni wọ́n ti ń kọ́ wọn, wọ́n ń yan bíi sójà, wọ́n ń kí ọ̀gá wọn bíi sójà, wọ́n sì ń kú bíi sójà. Nígbà tí èmi fi máa mọ̀, bàtà ńlá rẹ̀ ti wà lábẹ́ ibùsùn mi, oyún sì ti wà nínú mi.

Nínú àwọn tí òun àti wọn jọ wọ báráàkì lọ́dún kan náà láti kọ́ṣẹ́, mẹ́ta ti kú. Iná ilé ìtajà kan ló pa ọ̀kan. Èkejì bẹ́ sínú ọ̀sà láti yọ àwọn tí ọkọ̀ ojú omi wọn dojú dé, òun fúnra rẹ̀ ò sì jáde. Ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi tímọ́tímọ́, ọmọ Bingerville, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ibùsùn alájà méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ilé ìyá ọmọ yìí ni wọ́n jọ máa ń lọ jẹun. Obìnrin náà á fọ aṣọ àwọn méjèèjì, á sì bú àwọn méjèèjì bákan náà. Nígbà tí ogun dé, ògiri ilé kan tó ń jó wó lu ọmọ náà. Àsìkò kónílé-ó-gbélé ni, wéré ni wọ́n sin ín, àwọn tó débẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àwọn tó gbé pósí lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ìyá yẹn ò ti fẹ́ rí aṣọ iṣẹ́ wọn mọ́. Lọ́dọọdún, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ á lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá jókòó pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń rántí àwọn òkú wọn, lọ́dọọdún náà ló máa ń dá wọn lóhùn pé òun ò lọ́mọ láàárín wọn mọ́. Ó ń dun ọkọ mi dé egungun. Ó lè jẹun tán kó kàn dédé sọ pé, “Mo pàdánù ọ̀rẹ́ mi, mo tún wá pàdánù ìyá tó bí i.”

Ìyẹn ni bí nǹkan ṣe wà nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, tí ojú rẹ̀ ń dán. Ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Ó ní, “Ìyá Ọmọ, samedi tó ń bọ̀ yìí, promotion mi, ọ̀dọ̀ wa níbí ni.”

Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè? Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn dán mi wò nílé ìwé rí. Promotion: ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Mo fi orúnkún kanlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, mo ní, “Ẹ kú oríire o.”

Inú rẹ̀ dùn. “O ṣeun. Ó ti yẹ kó kàn mí tipẹ́. Gbogbo àwọn yòókù ló ti ṣe tiwọn, èmi nìkan ló kù.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà mọ̀ pé promotion ti ìlú yẹn, àwọn tí wọ́n jọ wọlé ẹ̀kọ́ lọ́dún kan náà ni? Pé ìpàdé ọdọọdún wọn ló ń sọ, èyí tí wọ́n fi ń bu ọlá fún àwọn òkú wọn, tí wọ́n ń gbé káàkiri ilé ara wọn? Ó wá sún mọ́ mi, ó ní ìyá Bingerville ti gbà láti wá. “Mo ṣèlérí fún un pé jẹ́jẹ́ la máa ṣe é. Mi ò fẹ́ ariwo. Bó bá bínú dìde nílé wa lọ́jọ́ yẹn, ó tán, kò sí ẹni tó máa tún mú un wá.” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Nínú mi, mo ní ọkọ mi yìí nítìjú o, wọ́n fẹ́ gbé e ga, ó ń sá pamọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún. Ìyá Oníke ni, obìnrin Ọ̀yọ́ tó ń ta garawa, bàsíà àti àga ike ní ọjà Adjamé, tó gbà mí bí àbúrò nígbà tí mo dé. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, “Ìyàwó, inú mi lọ́hùn-ún ni mo gbé e sí.” Mi ò mọ̀ pé inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ní ilẹ̀kùn púpọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní Adjamé, ó ti rékọjá ọ̀sà, bó sì ṣe ń rìn ló ń ga sí i. Ní Adjamé, wọ́n fi ọkọ mi jẹ ọ̀gá àwọn tó ń wa ọkọ̀ panápaná. Nígbà tó fi dé Treichville, ó ti di ọ̀gá báráàkì. Nígbà tó wá kan Alájì, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi, tó ń ta aṣọ, tí gbogbo àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ sì ń wò bí àgbà, wọ́n ní kò sí iná kan tó máa kú mọ́ ní gbogbo Abidjan bí ọkọ mi ò bá fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Sátidé náà, mo din ẹja, mo ṣe atíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ìlú náà tó jọ gàrí, mo gbá àgbàlá mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ọkọ mi ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin méje tí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó wà ní mọ́ṣáláṣí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fi takisí lọ mú ìyá náà wá. Obìnrin kúkúrú ni, aṣọ aró ló ró. Ó jókòó sórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé itan, ó di í mú bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Àwọn ọkùnrin yẹn ń lọ síwájú rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ba, wọ́n ń ní, “Yako, la vieille, yako,” ìyẹn bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn kẹ́dùn níbẹ̀, la vieille sì ni bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà. Bí ọ̀kan bá ti sọ ọ́, obìnrin náà á mi orí, á tún fọwọ́ le mọ́ àpamọ́wọ́. Mo rí i pé ọkọ mi ń wo ọwọ́ yẹn. Èmi náà wá ń wò ó. Mo sì ń rò ó lọ́kàn mi pé irú ìgbéga wo ló fajú ro báyìí.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ fèrè gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú náà, lẹ́nu ọ̀nà, tí orin sì tẹ̀ lé e.

Alájì ló kọ́kọ́ wọlé, nínú agbádá, ó ń fa àgbò kan tó wé ríbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọrùn. Ìyá Oníke tẹ̀ lé e, ó ru àga ọ́fíìsì lórí, irú èyí tó ń yí, tó ní táyà kéékèèké nídìí. Ó dojú àga náà délẹ̀ ni, nítorí náà táyà wà lókè, wọ́n ń yí yíyí bó ṣe ń jó bọ̀. Ọ̀gá tuntun, wọ́n ní, kò lè jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù rọ́ wọlé, àwọn aláṣọ, àwọn tó ń ta irin kẹ̀kẹ́, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn tó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tí wọn ò lè sọ ọ́, àgbàlá kún fọ́fọ́.

“Ọ̀gá pátápátá,” Alájì ní. “O fẹ́ jẹ oyè, o wá fi pamọ́ fún wa.”

“Oyè wo, Tọ́ńtọ́ǹ?” ni ọkọ mi bèèrè, bẹ́ẹ̀ ló ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

“Promotion rẹ ńkọ́?”

Ọkọ mi na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin méje yẹn. “Promotion mi nìyí.”

Alájì wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. “Gbogbo yín ni wọ́n ṣe é fún? Allah tóbi. Ẹ kú oríire o.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ mi fi ojú wá mi. Mo rántí lójú ẹsẹ̀ pé ó yẹ kí n lọ pààrọ̀ aṣọ ọmọ nínú yàrá. Ó bá mi wọlé.

“Kí lo sọ fún wọn?”

“Ohun tí ẹ sọ fún mi ni.”

“Kí ni mo sọ fún ọ?”

“Pé wọ́n fẹ́ gbé yín ga.”

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Mo ṣe, “Háà,” bí ẹni omi gbóná ta sí lára, wàrà sì ń kán láti ọmú mi láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ gbé e, ó gbé e mì. Ó ní, “La vieille wà níta.” Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó yẹ kó ti ba èmi náà wá bà mí. Obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ wà láàárín àgbò àti orin, ilé mi ló sì wà.

Nígbà tí a jáde, a bá ìyá náà tó ń bi ẹni tó jẹ́ olórí àwọn panápaná náà léèrè àwọn wo lèyí. Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, “Nítorí promotion ni wọ́n ṣe wá, la vieille.” Kò purọ́. “Gbogbo wọn?” ni obìnrin náà bèèrè. Ó ní gbogbo wọn ni.

Ìyá Oníke ti ń wá ẹni tó máa kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà, nítorí ọkọ mi ń sá fún un. Ó rí àgbàlagbà lórí àga ike. Ó ní, “Ìyá, ẹ dìde níbẹ̀, èmi ni mo ń tà á, mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń là.” Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti gbé obìnrin náà sórí àga ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. Àga náà yí díẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú. Mi ò lè ka ojú rẹ̀. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé, “Tọ́ńtọ́ǹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká...” nígbà tí olórí wọn, tó rí i pé bí wọn ò bá ṣe é kíá wọn ò ní ṣe é mọ́, pàṣẹ kí wọ́n dúró ṣánṣán. Àwọn ọkùnrin náà dìde, ọkọ mi náà sáré dúró sí àyè rẹ̀. Gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà dìde.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á kọ́kọ́ pe orúkọ àwọn tó ti kú, àwọn tó kù á sì dáhùn fún wọn pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó pe ti àkọ́kọ́. Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, “Présent.” Àwọn èèyàn wa rò pé orúkọ àwọn tí wọ́n gbé ga ló ń pè. Àtẹ́wọ́ sọ, wọ́n ń kígbe “Ẹ kú oríire o,” wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Olórí wọn pe ìkejì. Lọ́tẹ̀ yìí àwọn èèyàn wa ti mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Gbogbo àgbàlá ló dáhùn “Présent,” ohùn Alájì tí kò wọ ilé ìwé Faransé rí ló sì ròkè jù. Ọkọ mi di ojú. Èmi gé ètè mi jẹ nítorí ẹ̀rín, ojú sì ń tì mí pé ẹ̀rín ń pa mí.

Ó wá ku ẹnì kẹta. Olórí wọn wo ìyá náà. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń sọ àṣírí.

“Plus fort, mon fils,” Ìyá Oníke pariwo láti ẹ̀yìn àga. “Ké e sókè, a ò gbọ́.”

Ó ké e. Tọmọdé tàgbà ló jẹ́ ẹ, àgbò pàápàá ké. “Présent.” “Ẹ kú oríire o.” Inú Ìyá Oníke wá dùn débi pé ó ti àga náà, ìyá yẹn sì yí po, ó tún yí po, àpamọ́wọ́ rẹ̀ fò bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí àga náà dúró, ògiri ló kọjú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ la rí. Èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn panápaná dúró bí igi. Ọkọ mi sáré, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo rí i tó gbé ojú sókè wò ó. Ìgbà yẹn la gbọ́ ohùn ìyá náà. Ẹ̀rín ló ń rín. Omijé ń dà, ẹ̀rín ń bọ́, ó ń fi etí ìró nu ojú.

Ó ní, “Encore.”

Olórí wọn rò pé àga ló fẹ́ kí wọ́n tún yí. Ìyá náà mi orí. “Ọmọ mi. Ẹ tún un pè.”

Wọ́n tún un pè. A ò mọye ìgbà tí wọ́n pè é lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Alájì lọ bèèrè lọ́wọ́ ọkọ mi ibi tí àwọn ọ̀gá mẹ́ta tí a ń kí wà tí wọn ò wá jẹun, ibẹ̀ ló ti gbọ́ òótọ́. Ó ṣí fìlà. Ó wá ní àgbò òun ò ní bá òun padà sílé, ó ti di sàráà wọn. Ìyá Bingerville jẹ atíẹ́kẹ́ mi, ó ní ó gbẹ, ó bèèrè ẹni tó kọ́ mi, ó bú ọkọ mi pé ó fẹ́ ìyàwó kò kọ́ ọ ní oúnjẹ. Ọkọ mi tẹ́tí sí èébú náà bí ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ sí Bingerville lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jọ atíẹ́kẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, èmi àti ìyá náà jọ wà nídìí ajọ̀ nígbà tó dédé wò mí, ó ní, “Ma fille, ṣé wọ́n wá gbé ọkọ rẹ ga?”

Ajọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo rò pé òun á máa bá àwọn obìnrin Yorùbá nájà ní Adjamé láti kékeré kí òun má mọ ìtumọ̀ ẹ kú oríire? Òun ni wọ́n kí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ pọn ọmọ náà dé ọjà. “Láti ìgbà tó ti kú,” ó ní, “kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀ síta fún mi. Yako, yako, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé mo bí ohun tó ń tini lójú. Ẹ̀yin lẹ kí mi fún un.”

Mo ti bí ọmọ méjì sí i báyìí, wọ́n sì ń tún Faransé mi ṣe lójú gbogbo èèyàn. Ọkọ mi gba ìgbéga rẹ̀ nígbà tó yá, kékeré ni, a fi jẹ adìyẹ kan. Ìyá Bingerville ò pa samedi promotion jẹ rí láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn ún. Orúkọ àwọn tó ti lọ ti pọ̀ díẹ̀ sí i. Ohùn rara la fi ń pè wọ́n, aládùúgbò tuntun kan sá wá lọ́dún tó kọjá, ó rò pé ìjà ni. Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn ọjọ́ náà ju ọdún lọ. Wọn ò tíì mọ ẹni tó wà láàyè nínú àwọn orúkọ yẹn àti ẹni tí kò sí mọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́. Mi ò sì tíì rí ìdí tí màá fi sọ fún wọn.